Òjò, Ọyẹ́ àti Sòbìà ní Ilẹ̀ Ìbàràpá

Àpá kan wà ní ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún ìyá àgbà mi. Ó rí róbótó bíi kọ́bọ̀ àtijọ́, ara rẹ̀ sì ń dán. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé iná ni ó jó wọn. Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí ọyẹ́ mú, tí wọ́n jókòó sí ìdí iná ní òwúrọ̀, mo bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, sòbìà ni. Ibẹ̀ ni ó gbà jáde ní ọdún tí ó yẹ kí n ṣe ìdánwò ìwé mẹ́fà. Àwọn ẹgbẹ́ mi lọ jókòó ṣe ìdánwò, èmi jókòó ti ẹsẹ̀ mi." Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti padà sí ilé ìwé mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Kí ló dé tí àìsàn náà fi mọ ìgbà ọyẹ́, tí kì í wá nígbà òjò? Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí níbi gbogbo? Ohun tí mo rí kọ́ ni pé òjò kan náà kì í ṣe iṣẹ́ kan náà ní ìlú méjì. Ìgbà tí ó jẹ́ ìtura fún ará ibì kan lè jẹ́ ìyà fún ará ibòmíràn. Kì í sì í ṣe bí òjò ṣe pọ̀ tó nìkan ni ó ń fa èyí, bí kò ṣe ìgbà tí ó ń rọ̀ àti ohun tí àwọn ènìyàn fi ń gbà á pamọ́.

Ìlú méje ni a fi ń ka Ìbàràpá: Igbó-Ọrà, Èrúwà, Ìdèrè, Àyétẹ̀, Tápà, Igangan àti Lánlátẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti gbọ́ Igbó-Ọrà, ọ̀rọ̀ ìbejì ni yóò kọ́kọ́ bèèrè. Èmi kì í ṣe ìbejì, ọ̀rọ̀ omi ni mo sì fẹ́ sọ. Ilẹ̀ wa wà láàárín igbó àti ọ̀dàn. Òjò àkọ́rọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta tàbí oṣù Kẹrin. Yóò máa pọ̀ sí i títí di oṣù Keje, yóò sinmi díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, yóò tún padà ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni àwọn àgbẹ̀ ń pè ní àrọ̀kúrò. Láti oṣù Kọkànlá, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, nígbà tí ó bá sì di oṣù Kejìlá, ọyẹ́ á dé.

Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni ọyẹ́, láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni ó sì ti ń fẹ́ bọ̀. Púpọ̀ nínú eruku tí ó ń gbé wá jẹ́ ti ilẹ̀ Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún ńlá kan ti gbẹ ní ìgbà láéláé. Bí ó bá dé, ètè á là, gìgísẹ̀ á sán, òtútù òwúrọ̀ á lé gbogbo ilé sí ìdí iná. Síbẹ̀, ó ní oore tirẹ̀. Ìgbà yẹn ni láfún máa ń gbẹ dáadáa lórí àpáta. Bí òjò bá ká láfún mọ́ ibẹ̀, ṣe ni yóò bu. Ìgbà yẹn náà ni àwọn àgbẹ̀ máa ń kọ ebè iṣu fún ọdún tuntun.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí òjò ṣe ń rọ̀ sí ní ọdún kan ní ibi púpọ̀. Ní Calabar, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000 mìlímítà. Ní Èkó, ó lé ní 1,500. Ní agbègbè wa, ó tó bíi 1,200. Ní Sókótó, bíi 650 ni, oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún péré ni ó sì fi ń rọ̀. Ṣùgbọ́n ti London ni ó yà mí lẹ́nu jù. Ẹ̀gbọ́n màmá mi tí ń gbé níbẹ̀ máa ń sọ lórí fóònù pé òjò kò jẹ́ kí àwọn gbádùn. Mo rò pé òjò wọn ju tiwa lọ dáadáa. Nígbà tí mo wò ó, bíi 600 mìlímítà ni òjò London lọ́dún. Bíi ti Sókótó ni, ìdajì tiwa sì ni!

Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé òjò wọn ń ṣẹ́ wẹliwẹli ní oṣù méjèèjìlá, tiwa a máa ya lulẹ̀ ní oṣù díẹ̀, a sì lọ. Nígbà òtútù wọn, yìnyín lè bo ilẹ̀, ọ̀nà á máa yọ̀, omi inú páìpù mìíràn á tilẹ̀ dì. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ń kérora òtútù, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ kí wọ́n sọ pé àwọn gbé korobá wá omi kiri.

Ní Ìbàdàn tí kò jìnnà sí wa, òjò gan-an ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó sì gbé ilé, ọkọ̀ àti ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, àgbàrá tún ṣọṣẹ́ ní ìlú náà, ẹ̀mí tó ṣòfò sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Títí di òní, bí ojú ọ̀run bá ti ṣú ní oṣù Kẹjọ, àwọn tí ilé wọn wà létí odò kì í sùn. Lójú tiwọn, ẹ̀ẹ̀rùn ni àlàáfíà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fún àwọn ará etíkun. Àwọn Òyìnbó tí wọ́n gbé etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà nígbà àtijọ́ sọ ọyẹ́ ní "Dókítà", nítorí pé ó ń lé ooru àti ọ̀rinrin lọ kúrò lára wọn. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Èkó náà máa ń yọ̀ bí wọ́n bá rí ọyẹ́. Wọ́n ní Kérésìmesì ti dé nìyẹn. Ní Ìdèrè tí wọ́n ti bí ìyá àgbà mi, dókítà kọ́ ni ọyẹ́ ń mú wá. Àìsàn ni ó ń mú wá.

Ìyá àgbà ní nígbà òjò, omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ni àwọn ń mu. Wọ́n á to ìkòkò àti agbada sí abẹ́ páànù, omi á sì tó gbogbo ilé. Nígbà tí òjò bá lọ, adágún omi ni ó kù. Bí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń le sí i ni adágún náà ń kéré sí i, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ pọnmi ní láti wọ inú rẹ̀ dé orókún kí ó tó rí ibi ti igbá bọ̀. Gbogbo ìlú ni ó ń wọ ọ́, àti ẹni tí ara rẹ̀ dá àti ẹni tí ó ní egbò lẹ́sẹ̀.

Ibẹ̀ ni sòbìà ti ń rí àyè. Aràn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, gígùn rẹ̀ lè tó mítà kan. Bí ó bá fẹ́ jáde, ojú ibẹ̀ á wú, á máa jóni bí iná, ẹni náà á sì fẹ́ ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù kí ara lè rọ̀ ọ́. Bí ẹsẹ̀ bá ti kan omi, aràn náà á tú àwọn ọmọ rẹ̀ síbẹ̀. Àwọn kòkòrò wínníwínní inú omi á gbé wọn mì. Ẹni tí ó bá mu omi náà ti mu sòbìà. Kò ní mọ nǹkan kan títí tí bí ọdún kan yóò fi kọjá. Ẹni tí ó mu ún ní ọyẹ́ èyí, ọyẹ́ tó ń bọ̀ ni yóò jáde lára rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n jọ ní àdéhùn.

Ní báyìí, mo wá mọ ìdí tí ìdánwò fi bọ́ mọ́ ìyá àgbà lọ́wọ́. Wọ́n wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n jẹ àǹfààní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní oṣù Kìíní ọdún 1955. Láyé ìgbà náà, oṣù Kìíní ni ọdún ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀, ìparí ọdún ni ó sì ń parí. Ìdánwò àti sòbìà wá ń dé ní ìgbà kan náà. Ìjọba ti san owó ilé ìwé, ṣùgbọ́n kò tíì sí omi tó dára.

Ohun tí ó wá jọ mí lójú jù lọ ni pé ní ìhà Àríwá, òdìkejì èyí ni. Ní agbègbè Sàhẹ́lì, bíi Niger, Mali àti òkè Nàìjíríà, ìgbà òjò ni sòbìà ń jà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, adágún wọn á gbẹ pátápátá, omi kànga jíjìn ni wọ́n sì ń mu, sòbìà kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí àyè níbẹ̀. Nígbà tí òjò bá rọ̀, adágún á kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, àgbẹ̀ tí òǹgbẹ bá ń gbẹ á bu ú mu. Aràn á wá máa jáde nígbà tí ó yẹ kí wọ́n gbin ọkà bàbà. Àwọn Dogon ní Mali tilẹ̀ ń pè é ní àìsàn àká òfìfo, nítorí pé ẹni tí kò lè gbìn kò ní ohun tí yóò kó sí àká. Aràn kan náà ni, ṣùgbọ́n òjò ni ó pín ìgbà fún un. Ará Ìdèrè ń bẹ̀rù ọyẹ́, ará Sàhẹ́lì ń bẹ̀rù òjò tí ó ti ń retí.

Báwo ni ó ṣe wá tán? Àwọn Yorùbá ní bí sòbìà yóò bá degbò, olúgàǹbe là á ké sí. Olúgàǹbe ń wo egbò, ṣùgbọ́n kò dé inú adágún. Ìyá àgbà ní ọ̀pọ̀ àgbà ìgbà náà gbà pé inú ara gbogbo ènìyàn ni sòbìà wà láti ọ̀run wá. Ní ọdún 1963, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìlera ní Ìbàràpá, Igbó-Ọrà ni wọ́n sì fi ṣe ibùdó. Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń lọ láti ìlú dé abúlé. Nígbà tó yá, wọ́n mú ọ̀rọ̀ sòbìà lọ sí Ìdèrè, wọ́n ń kọ́ àwọn ará ìlú láti máa fi aṣọ ọ̀rá tí ojú rẹ̀ há sẹ́ omi kí wọ́n tó mu ún.

Nígbà tí wọ́n ka àwọn tí ó ní sòbìà ní gbogbo Nàìjíríà ní ọdún 1988 sí 1989, wọ́n lé ní 650,000. Jimmy Carter, tí ó ti jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà rí, gbógun ti àìsàn náà, Ọ̀gágun Yakubu Gowon náà sì ń wọ abúlé kiri láti bá àwọn ìjọba àti ará ìlú sọ̀rọ̀ lórí omi. Kò sí oògùn tí ó ń pa sòbìà, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Aṣọ ìsẹ́mi, kànga tó dára, àti kí ẹni tó ní egbò má wọ inú omi, àwọn ni ohun ìjà. Ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tí ó ní in ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé sòbìà ti kúrò ní orílẹ̀-èdè wa.

Ẹ wò ó, ọyẹ́ kò yí padà. Òjò kò yí ọ̀nà padà. Bí a ṣe ń mu omi ni ó yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe rí ní London. Ní ọdún 1854, àrùn onígbáméjì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àdúgbò Soho níbẹ̀. Dókítà John Snow ni ó fi hàn pé omi ẹ̀rọ kan ní òpópónà Broad ni wọ́n mu. Ojú ọjọ́ London nígbà náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti òní. Iṣẹ́ omi tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ni ó mú kí ẹ̀gbọ́n màmá mi máa kérora òtútù nìkan.

Ǹjẹ́ ìtàn yìí ti parí ní Ìbàràpá? Ti sòbìà ti parí. Ní oṣù Kìíní ọdún yìí, kànga dẹ̀rọ àdúgbò wa bàjẹ́. Aago márùn-ún ìdájí ni mo gbé kẹ́ẹ̀gì jáde, aago mẹ́jọ ààbọ̀ kọjá kí ó tó kàn mí níbi tí a ti rí omi. Nígbà tí mo dé ilé ìwé, wọ́n ti gba ìwé ìdánwò àárọ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ mi. Èmi kò fi ti èmi wé ti ìyá àgbà, nítorí mo ṣe ìdánwò mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ni ó dá àwọn dúró, omi náà ni ó sì dá mi dúró, nínú oṣù ọyẹ́ kan náà, ní ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ti London.

Mo rò pé bí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ní Ìbàràpá bá ní táǹkì ńlá kan tí yóò máa gba omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ láti orí páànù ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá, àrọ̀kúrò yóò ràn wá lọ́wọ́ dé inú ọyẹ́. Páànù ti wà níbẹ̀. Òjò náà ń rọ̀.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá àgbà pé ìdánwò WAEC àwa máa ń bọ́ sí ìgbà òjò, wọ́n ní, "Ẹ dúpẹ́." Wọ́n ṣì ń fi aṣọ sẹ́ gbogbo omi tí ó bá wọ inú àmù wọn, ìbáà jẹ́ omi ẹ̀rọ. Mo sọ fún wọn pé sòbìà ti tán láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ní, "Mo gbọ́. Bá mi di etí aṣọ náà mú kí n dà á."