Igbó Ọba Tó Jẹ́ Ìlú Ọba Rí

Ní Ìbàdàn lóde òní, láti Bódìjà dé Dùgbẹ̀, títí dé Ring Road àti Challenge, ìrìn-àjò afẹ́ ti di ohun tí àwọn ọ̀dọ́ tówó ń wọlé fún ń dá àjọ fún. Ọ̀kan lára èyí tó lókìkí ni ti Tànsáníà: kéèyàn fi ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́sàn-án gun òkè Kilimanjaro, tó ga ní mítà 5,895, kó sọ̀ kalẹ̀, kó wá wọ mọ́tò lọ wo kìnnìún àti erin ní Serengeti. "Safari" ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ Swahili ni, ìrìn-àjò lásán ló sì túmọ̀ sí.

Mi ò bá ẹni tó fẹ́ lọ jà. Àmọ́ kí ẹni tó bá ń lọ mọ ìtàn ibi tó ń lọ. Lọ́dún 1889 ni Hans Meyer, ará Jámánì, àti Ludwig Purtscheller, ará Austria, dé góńgó Kilimanjaro. Orúkọ tiwọn ló wọ ìwé. Àwọn tó ru ẹrù, tí wọ́n sì mọ ọ̀nà inú igbó ẹsẹ̀ òkè náà, kò rí bẹ́ẹ̀ gbà. Ọdún 1989, nígbà tí wọ́n ń ṣe àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún ìgòkè ọ̀hún, ni wọ́n tó dá Yohani Kinyala Lauwo, ọmọ ẹ̀yà Chagga, lọ́lá gẹ́gẹ́ bí afinimọ̀nà àkọ́kọ́. Ní ti Serengeti, àwọn Máàsáì ń da màlúù níbẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di igbó ẹranko lábẹ́ òfin lọ́dún 1951. Lọ́dún 1959, wọ́n kó wọn kúrò lọ sí apá Ngorongoro. Torí náà, pápá gbalasa tí àlejò ń yà ní fọ́tò, tó dà bíi pé èèyàn kò gbé ibẹ̀ rí, àwọn kan ló filé sílẹ̀ kó tó rí bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn ni pé irú rẹ̀ wà nílé. Ní àríwá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, igbó kan wà tí òkè àti ẹranko ti pàdé, tí èèyàn lè gun àpáta ní òwúrọ̀ kó sì máa ṣọ́ ẹfọ̀n lẹ́bàá odò ní ìrọ̀lẹ́. Old Oyo National Park lorúkọ tí ìjọba fún un. Ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Ẹfọ̀n wà níbẹ̀, ẹgbin wà, àgbọ̀nrín, ìmàdò, ìjímèrè àti oríṣiríṣi ọ̀bọ wà níbẹ̀. Odò Ògùn ń ṣàn gba inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ ká fi sọ́kàn ni pé igbó yìí kì í ṣe igbó àtètèkọ́ṣe. Apá kan rẹ̀ ni Ọ̀yọ́-Ilé, olú ìlú àwọn Aláàfin. Ọjà ló wà níbi tí ẹranko ti ń jẹko. Agbo ilé ló wà níbi tí ọ̀bọ ti ń fò. Ogun ló sọ ọ́ dìgbẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí òkè jẹ́ fún Yorùbá. Àwọn baba wa kì í gun òkè láti lọ najú. Ibi ìsádi ni. Bí ogun bá lé ni, òkè làá sá lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá sá sábẹ́ Olúmọ. Àwọn ará Ìdàńrè gbé orí àpáta fún ìgbà pípẹ́, àárín ọdún 1920 sí 1933 tàbí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè títí dòní. Ìbàdàn pàápàá kò yàtọ̀. Ìtàn sọ fún wa pé nígbà tí ogun tú ìlú tí Lágelú kọ́kọ́ tẹ̀ dó, orí òkè ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sá sí, èso òro àti ìgbín ni wọ́n sì ń jẹ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bọ Òkèbàdàn lọ́dọọdún.

Ọ̀yọ́-Ilé náà ní òkè tirẹ̀, ìtàn tó sì ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀ kò ṣeé fò. Ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn Tápà ṣígun wá, wọ́n lé Aláàfin kúrò nílùú. Ọba bí i mélòó kan ló jẹ ní ìgbèkùn, Ìgbòho sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ṣe ilé. Nígbà tó kan Aláàfin Abípa, ó ní òun fẹ́ kó ìlú padà sílé. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì kò fẹ́. Wọ́n ti kọ́lé sí Ìgbòho, wọ́n ti dáko, ara ti rọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti sọ fún ọba pé òun ò lọ?

Johnson ròyìn ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1921. Nígbà tí ọba rán àwọn ìránṣẹ́ lọ wo ilẹ̀ àtijọ́ náà, àwọn ìjòyè ti yọ́ rán àwọn tiwọn ṣáájú: ẹnì kan rán abuké, ẹnì kan rán àfín, òmíràn rán adẹ́tẹ̀, òmíràn rán aràrá, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn wọ̀nyí ń gbé inú ihò àpáta lọ́sàn-án. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á tanná, wọ́n á máa rìn káàkiri orí òkè, wọ́n á máa ké pé ibẹ̀ kò gba èèyàn mọ́. Ìránṣẹ́ ọba rí wọn, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n sáré padà wá jẹ́ iṣẹ́ pé ọ̀rọ̀ àti iwin ti gba ìlú.

Ọba ò jiyàn. Àwọn ọdẹ ló rán lọ. Ọdẹ kì í fi etí lásán mọ ohun tó wà nínú igbó. Ó máa ń tọ ipasẹ̀ ni. Àwọn ọdẹ gun òkè náà, wọ́n ṣọ́ wọn, wọ́n mú wọn láàyè, wọ́n rí i pé èèyàn ni wọ́n. Ọba gbé wọn pamọ́ sáàfin. Ó wá pe àwọn ìjòyè síbi àsè, ó sì ní kí ẹni tí ìjòyè kọ̀ọ̀kan rán fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọtí fún ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ fojú inú wò ó bí ojú wọn yóò ti rí! Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tó mú ọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń pe ìlú náà ní Ọ̀yọ́-Ọ̀rọ̀. Ìlú padà sílé.

Ìlú náà wá gbilẹ̀ kọjá bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ẹṣin Ọ̀yọ́ ti ń jáde lọ gba ìṣákọ́lẹ̀ títí dé Dahomey. Odi tí wọ́n mọ yí i ká pọ̀ ju ẹyọ kan lọ, àwọn tó sì wọn ilẹ̀ náà lẹ́yìn ìgbà náà rí i pé ohun tó wà láàárín odi wọ̀nyẹn lé ní 5,000 hẹ́kítà. Nígbà tí Hugh Clapperton, ará Scotland, gba Àgbádárìgì wọlé tó sì dé ibẹ̀ ní January 1826, ìlú ńlá ló bá, Aláàfin Májòtú ló sì gbà á lálejò. Kò dá dé ibẹ̀. Richard Lander wà pẹ̀lú rẹ̀, àti Pasko, ọmọ Hausa tó ń ṣe ògbufọ̀ fún wọn. Nígbà tí Lander àti àbúrò rẹ̀ tún padà wá lọ́dún 1830, Pasko yìí kan náà ló tún tẹ̀ lé wọn. Òun ríbi jókòó sí nínú ìwé wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ru ẹrù la ò lè dárúkọ.

Lásìkò tí àlejò wọ̀nyí ń bọ̀, ilé ti ń dà. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ti ya kúrò lábẹ́ Aláàfin ní Ìlọrin. Àwọn Fúlàní tó pè láti ràn án lọ́wọ́ ló padà pa á, tí wọ́n sì gba ìlú mọ́ ọn lọ́wọ́. Aláàfin Olúewu kó ogun jọ pẹ̀lú àwọn Ìbàrìbá láti bá Ìlọrin jà ní nǹkan bí 1836, ogun náà yíwọ́, ọba bá a lọ. Kò pẹ́ sí i tí Ọ̀yọ́-Ilé fi túká. Àwọn kan gba Ìlọrin lọ, àwọn kan gba Kìṣí àti Ìgbòho, ọ̀pọ̀ forí lé ìsàlẹ̀. Àtìbà jọba ní Àgọ́-Ọ̀jà, tó di Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí Ọba Mọ́rọ̀ tí yóò ní ká padà.

Ibí yìí ni ìtàn náà ti kan àwa ará Ìbàdàn. Ibùdó ogun ni Ìbàdàn, tí àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá gbà ní nǹkan bí 1829, àwọn tó sá fún ogun lókè ló sì sọ ọ́ di ìlú rẹpẹtẹ. Olúyọ̀lé, tí a fi orúkọ rẹ̀ pe Ìbàdàn, ọmọ Ọ̀yọ́-Ilé ni. Ìyá rẹ̀, tó ń jẹ́ Àgbọ̀nrín, ọmọ Aláàfin Abíọ́dún ni. Àtìbà ló fi Olúyọ̀lé jẹ Baṣọ̀run. Lábẹ́ rẹ̀ sì ni Ìbàdàn ti ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840. Nítorí náà, bí ará Ìbàdàn bá ń lọ wo ẹranko ní Old Oyo, ilé baba ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń lọ. Èyí tó kúrò níbẹ̀ la fi tẹ ibí dó.

Igbó ò dúró de ẹnikẹ́ni. Òrùlé jó, ògiri wó, koríko hù, ẹranko tó ti ń sá fún èèyàn padà wọlé. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi máa ya ilẹ̀ sọ́tọ̀, ojú igbó ni wọ́n fi wò ó. Wọ́n sọ Upper Ogun di igbó ọba lọ́dún 1936, wọ́n sọ Ọ̀yọ́-Ilé di igbó ọba lọ́dún 1941. Lọ́dún 1952, wọ́n sọ méjèèjì di igbó tí wọ́n ti ń dáàbò bo ẹranko. Lọ́dún 1991, òfin ìjọba àpapọ̀ so wọ́n pọ̀ di National Park, olú iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Ọ̀yọ́. Ọ̀rọ̀ "igbó ọba" yìí máa ń jọ mí lójú. Ìjọba la ní lọ́kàn tá a bá sọ bẹ́ẹ̀, bí a ṣe ń sọ "iṣẹ́ ọba". Ṣùgbọ́n níbí yìí, ìlú ọba gan-an ni.

Àmì rẹ̀ kò tíì parẹ́. Odi ṣì ga láwọn ibì kan, yàrà rẹ̀ sì jìn. Àpáàdì wà nílẹ̀, igi oṣè dúró. Frank Willett ti wá wo ilẹ̀ náà ní nǹkan bí 1956. Lẹ́yìn náà, Robert Soper àti Babátúndé Agbájé-Williams, àwọn méjèèjì láti Yunifásítì Ìbàdàn, lọ wọn odi, wọ́n sì walẹ̀ níbẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1985. Àgbọ̀wó tí à ń kọjá lójoojúmọ́ ni iṣẹ́ yẹn ti jáde. Ọdún 1995 ni Nàìjíríà fi orúkọ Ọ̀yọ́-Ilé ránṣẹ́ sí UNESCO pé kí wọ́n gbé e yẹ̀ wò. Ó ṣì wà lórí ìwé àwọn tó ń dúró.

Wàyí o, òfin tó dá ẹranko sí náà ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọdẹ. Ọdẹ tó mọ orúkọ àpáta kọ̀ọ̀kan, tó mọ ojú ilé ẹni tí kànga kan wà, bó bá gbé ìbọn wọ ibẹ̀ lónìí, arúfin ni. Mi ò sọ pé kí wọ́n jẹ́ kó máa pa ẹfọ̀n. Bí wọ́n bá gbà á láyè, ẹfọ̀n á tán. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìmọ̀ tó wà lórí ọdẹ kì í ṣe ti pípa ẹran nìkan. Ní Kilimanjaro, òfin kò gbà kéèyàn dá gun òkè láìsí afinimọ̀nà, iṣẹ́ náà sì ń bọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀. Ní abúlé etí igbó wa, ní agbègbè Ìgbòho, Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí àti Tedé, àwọn àgbàlagbà tó lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn ń kú lọ, orúkọ ibi tí wọ́n mọ̀ sì ń bá wọn wọlẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Ohun kan tí iṣẹ́ náà kọ́ni ni pé àyè tí a kò kọ nǹkan sí yàtọ̀ sí òdo. Òdo ní a kà á, kò sí. Àyè òfìfo ní ẹnikẹ́ni kò tíì kọ ọ́. Bí a bá ya àwòrán ilẹ̀ tí a fi àwọ̀ ewé kun Ọ̀yọ́-Ilé láìkọ orúkọ adúgbò kan sí i, ẹni tó bá wò ó á gbà pé òdo ni.

Ẹnì kan lè ní òkè tibẹ̀ kéré. Òótọ́ ni, kò ga tó Kilimanjaro rárá. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó ga jù ní Nàìjíríà, kó lọ sí Chappal Waddi ní Gashaka-Gumti, ní ìpínlẹ̀ Tàrábà, tó ga ní mítà 2,419. Àmọ́ kó mọ̀ pé ọjọ́ kìíní oṣù June 1961, lẹ́yìn tí àwọn ará Northern Cameroons dìbò, ni òkè yẹn di ti Nàìjíríà, àti pé àwọn Fúlàní darandaran ṣì ń gbé láàárín igbó náà. Níbẹ̀ pẹ̀lú, ó yẹ kéèyàn béèrè onílé kó tó béèrè ẹranko.

Ní Ọ̀yọ́-Ilé, ẹni tó bá lọ torí ẹranko nìkan lè rìn títí kó má rí ju ọ̀bọ àti ìmàdò lọ, kó sì padà wálé pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kó ní kí ẹ̀ṣọ́ igbó mú òun dé ibi odi. Kó wá àgbàlagbà kan mọ́ra ní abúlé etí igbó, kó béèrè orúkọ àpáta kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó wọ mọ́tò padà sí Ìbàdàn.