Ta Ló Fọ́ Òkúta Yìí?

Láyé àtijọ́, àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá tó bá rí òkúta dídán tó lẹ́nu bí àáké lóko lẹ́yìn òjò ńlá, ojúbọ Ṣàngó ló máa ń gbé e lọ: ẹdun àrá ni. Àwọn ará Yúróòpù náà gbà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún pé àrá ló ń sọ irú òkúta bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Michele Mercati, oníṣègùn ará Ítálì tó ń tọ́jú àkójọ òkúta ní Vatican, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọwọ́ ènìyàn ló ṣe wọ́n kí irin tó dé. Ó kú ní 1593. Ọdún 1717 ni wọ́n tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde.

Àáké dídán kò ṣòro dá mọ̀. Odò lè sọ òkúta di róbótó, ṣùgbọ́n kì í pọ́n ọn lẹ́nu. Lórí èyí tí wọ́n kàn fi òkúta kejì fọ́, tí wọn ò pọ́n, ni ìjà wà. Jacques Boucher de Perthes, ọ̀gá aṣọ́bodè ní Abbeville ní Faransé, rí irú rẹ̀ nínú ilẹ̀ àfonífojì odò Somme, níbi tí egungun àwọn ẹranko tí irú wọn ti tán láyé wà. Ó ní ọwọ́ ènìyàn ló fọ́ wọn. Wọ́n fi í ṣẹlẹ́yà, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀bi ni tiwọn: òkúta tó kàn jọ ẹyẹ tàbí ojú ènìyàn wà nínú àkójọ rẹ̀, ó sì ń pè wọ́n ní ère. Ní 1859, àwọn onímọ̀ Joseph Prestwich àti John Evans wá láti Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fojú ara wọn rí àáké kan nínú ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì tú. Ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ tó gbà.

Àṣeyọrí yẹn ló bí àṣejù. Benjamin Harrison, onísọ́ọ̀bù ní Ightham ní Kent ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ń ṣa òkúta tí etí wọn rún díẹ̀díẹ̀ lórí òkè, ó ní irinṣẹ́ àwọn tó ṣáájú oní-àáké ni. Eolith ni wọ́n sọ wọ́n. Prestwich kan náà tó fara balẹ̀ wò ní Faransé ló wá di alátìlẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó. Ní 1905, Marcellin Boule, onímọ̀ ará Faransé, lọ sí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì kan nítòsí Mantes ní Faransé, níbi tí ẹ̀rọ ti ń ro ẹfun, pẹ̀lú akọ òkúta tó wà nínú rẹ̀, mọ́ omi. Nígbà tí wọ́n kó àwọn òkúta náà jáde, eolith pọ́ńbélé ni! Síbẹ̀, James Reid Moir ní Ipswich ṣì ń jà fún irú òkúta bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà.

Kí ni wọ́n wá ń wò? Bí ènìyàn bá lu akọ òkúta létí, ẹ̀rún tó ṣí kúrò máa ń wú díẹ̀ lábẹ́ ibi tí òkúta ìlù ti bà á, àpá tó fi sílẹ̀ lára ìyá rẹ̀ á sì kó sínú. Ṣùgbọ́n odò tó ń yí òkúta lura lè ṣe èyí náà. Igun ni Alfred Barnes, tó ń ṣèwádìí irinṣẹ́ òkúta, mú ní 1939. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í lu ibi tí etí òkúta ti kú, torí ẹ̀rún kò ní í ṣí níbẹ̀ dáadáa. Ibi tí igun rẹ̀ kò tó digíríì 90 ló ń wá. Ìwúwo ilẹ̀ tó ń tẹ òkúta fọ́ kì í ṣa igun. Barnes ní nínú iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn, igun tó tó 90 tàbí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ kì í ju ìdá 25 nínú 100. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú òfin yìí ni pé òkúta kan ṣoṣo kò lè jẹ́rìí níwájú rẹ̀. Gbogbo ẹbí rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wá.

Òfin náà kò rọrùn níbi gbogbo. Quartz funfun tó pọ̀ nílẹ̀ wa máa ń fọ́ wúruwùru, kì í sì í fi àpá ìlù hàn dáadáa. Ní Ihò Eléérú ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí Thurstan Shaw ti walẹ̀ ní 1965, irinṣẹ́ wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi quartz ṣe wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n egungun ènìyàn wà nínú ilẹ̀ kan náà, ìkòkò àti àáké pípọ́n sì wà lápá òkè. Irú ẹlẹ́rìí yìí ni ibi tí wọ́n ti walẹ̀ ní Calico ní California kò ní. Louis Leakey, ọ̀gá nínú ìwádìí ayé àtijọ́ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, gbà pé irinṣẹ́ ló wà níbẹ̀ láàárín òkúta tí omi òkè gbé wá. Mary ìyàwó rẹ̀ kò gbà. Ní 1973, Vance Haynes, onímọ̀ nípa ilẹ̀, ṣàlàyé pé nínú òkúta púpọ̀ tó ń forí gbárí bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ò ní ṣàì jọ iṣẹ́ ọwọ́, pàápàá bí ẹni tó ń ṣà á bá ń wá irinṣẹ́.

Ní 2016, ọ̀rọ̀ tún yí. Tomos Proffitt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa àwọn ọ̀bọ capuchin ní Serra da Capivara ní Brazil, tí wọ́n ń fi òkúta lu òkúta. Ẹ̀rún tó ń já bọ́ ní ẹnu mímú àti àpá ìlù bíi ti ènìyàn, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀bọ náà kì í lò wọ́n. Wọ́n máa ń lá ara òkúta tí wọ́n lù. Nítorí èyí, onímọ̀ tó bá rí ẹ̀rún àtijọ́ lónìí tún ní láti wá ipa ìlò létí rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi, kó sì yẹ egungun ẹranko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wò bóyá àpá gígé wà lára wọn.