Gìtá oníná tó le lọ́wọ́: ohun tó yẹ kí ẹ wò kí ẹ tó ra òmíràn

Ẹni tó bá ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí nínú ẹgbẹ́ jùjú mọ ẹjọ́ yìí dáadáa: orin kò tíì dé ìdajì, ìka ti ń ro ó. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń sọ ni pé gìtá ọ̀hún le, àwọn á wá òmíràn rà. Owó gìtá kì í ṣe owó kékeré mọ́ o, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ gìtá tí wọ́n ń bú yìí, wọn kò tò ó dáadáa ni.

Nǹkan méjì ni àwọn èèyàn máa ń pò mọ́ra: bí okùn ṣe le tó, àti bó ṣe ga tó. Bí okùn ṣe nípọn tó, bó ṣe gùn tó láti nut nítòsí orí gìtá dé bridge nísàlẹ̀, àti ohùn tí ẹ tune rẹ̀ sí, ló ń pinnu bó ṣe máa le. Okùn Stratocaster ti Fender gùn ní íǹṣì 25.5, ti Les Paul ti Gibson jẹ́ nǹkan bí íǹṣì 24.75. Ìdí nìyẹn tí okùn kan náà fi máa ń rọ̀ díẹ̀ lórí Les Paul. Ẹni tó bá sì kúrò lórí okùn 9 bọ́ sórí 10, okùn rẹ̀ tó tín-ín-rín jù á fi ohun tó ju ìdá kan nínú márùn-ún le sí i. Bí ẹ bá rẹ bridge sílẹ̀, okùn kò rọ̀ o, bó tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó rọ̀. Ibi tí ìka ń tẹ̀ ẹ́ dé ló súnmọ́ tòsí.

Ọrùn gìtá ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Okùn ń fà á síwájú, irin inú rẹ̀ tó ń jẹ́ truss rod ń fà á padà. Ó yẹ kó tẹ̀ síwájú bín-íntín, kí okùn lè ráyè gbọ̀n. Ẹ tẹ okùn tó nípọn jù mọ́ fret àkọ́kọ́, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ níbi tí ọrùn ti pàdé ara gìtá, kí ẹ wá wo àlàfo tó wà lórí fret keje. Nǹkan bíi mílímítà 0.25, ìyẹn bébà méjì tàbí mẹ́ta lérí ara wọn, ti tó. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ yí irin náà bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, ìdámẹ́rin ìyípo péré, ẹ tune gìtá, ẹ tún wò ó. Bí kò bá yí, ẹ fi sílẹ̀! Bí irin yẹn bá já sínú ọrùn, owó àtúnṣe rẹ̀ lè ju owó gìtá lọ.

Ojú ọjọ́ náà ń dá sí i. Ọyẹ́ máa ń gbẹ igi, ọrùn á fẹ́ tẹ̀ sẹ́yìn, okùn á máa kùn bí oyin. Lásìkò òjò, igi á fa omi, okùn á ga. Gìtá tí kò ní wàhálà lóṣù Keje lè máa kùn lóṣù Kìíní láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Bridge ló kàn. Lórí fret kejìlá, mílímítà 1.5 sí 2 láàárín fret àti okùn ló bá ọ̀pọ̀ èèyàn lára mu. Onígìtá jùjú tó ń yí ohùn kan náà po fún ọ̀pọ̀ wákàtí lóde àríyá á fẹ́ kó wálẹ̀. Ẹni tó ń fi agbára lu okùn á gbé e sókè díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ okùn á máa na fret. Ti pedal steel tí King Sunny Adé mú wọ jùjú yàtọ̀ ní tiẹ̀: irin ni wọ́n fi ń yọ̀ lórí okùn rẹ̀, wọn kì í tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, torí náà bó ga, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Bí kọ́ọ̀dù F nítòsí orí gìtá bá ń dá yín lágara, tí ìsàlẹ̀ sì rọrùn, nut ni kí ẹ fura sí. Ẹ tẹ okùn mọ́ fret kẹta, ẹ wo orí fret àkọ́kọ́: ó yẹ kí okùn fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kàn án. Bí àlàfo ibẹ̀ bá pọ̀, ẹ má fi fáìlì rin nut fúnra yín, torí ohun tí a bá ti rin kúrò kò ṣeé dá padà. Ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ń tún gìtá ṣe. Ẹni tó bá sì pààrọ̀ sí okùn tó nípọn jù lẹ́yìn náà, kó tún ti orí ọrùn bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò.