Òun Ni! Òun Kọ́! Nígbà Tí Ẹlẹ́rìí Bá Ṣi Èèyàn Mú

Ká ní wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ obìnrin kan ní Táíwò Road, nílùú Ìlọrin, lálẹ́ tí kò síná. Fìrí ló rí ojú olè náà. Lọ́jọ́ kẹta, ọlọ́pàá mú ọ̀dọ́kùnrin kan, wọ́n pe obìnrin yìí, wọ́n ní, "Ṣé òun nìyí?" Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fi hàn án, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sì ti wà lọ́wọ́ onítọ̀hún. Kí lẹ rò pé ó máa sọ?

Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní London. Lọ́dún 1896, wọ́n rán Adolf Beck lọ sẹ́wọ̀n ọdún 7, torí obìnrin lórí obìnrin ló búra pé òun ló fi ìfẹ́ ẹ̀tàn gba òrùka àti góòlù àwọn. Ọmọ Yahoo ayé àtijọ́, ẹ sáà gbà á bẹ́ẹ̀. Ìwé ọgbà ẹ̀wọ̀n fi hàn pé wọ́n ti dá abẹ́ fún gbájú-ẹ̀ tí wọ́n ń wá, John Smith. Wọn ò dá a fún Beck rí! Síbẹ̀, wọn ò tú u sílẹ̀. Lọ́dún 1904, wọ́n tún dá a lẹ́bi irú ẹ̀sùn kan náà, kí ọwọ́ tó tẹ Smith gan-an. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí England dá ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ọ̀daràn sílẹ̀ lọ́dún 1907.

Níbí ńkọ́? Nínú ẹjọ́ Ikemson lọ́dún 1989, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Nàìjíríà sọ ìgbà tó pọn dandan kí ọlọ́pàá to afurasí mọ́ àwọn mìíràn, kí ẹlẹ́rìí fúnra rẹ̀ mú ẹni tó rí: bí kò bá mọ̀ ọ́n rí, bí ìgbà tó fi rí i bá kúrú, tí àyè ò sì gbà á láti wo ojú ẹ̀ dáadáa. Obìnrin wa bọ́ sí gbogbo ẹ̀. Tí wọ́n bá mú èèyàn lójú ẹsẹ̀ níbi tó ti ń jalè, kò pọn dandan.

Abala 35 ìwé òfin 1999 sì sọ pé afurasí lè dákẹ́ títí tó máa fi bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Lọ́yà yẹn ló máa béèrè pé: ṣé àwọn tí wọ́n tò mọ́ ọn jọ ọ́? Ṣé ẹlẹ́rìí ti rí fọ́tò ẹ̀ tẹ́lẹ̀?

Ìbéèrè fọ́tò yìí ló ń dùn mí jù. Tí ọlọ́pàá bá ti to afurasí síwájú kámẹ́rà, tójú ẹ̀ ti wà lórí Facebook, ohun tí ẹlẹ́rìí rí lórí fóònù ló máa rántí, kì í ṣe olè. Ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de irú àfihàn bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2021. Àmọ́ òfin Èkó ò dé Táíwò Road.