Lẹ́tà Tí Ń Rìn àti Àmì Ohùn Yorùbá

Kí kọ̀ǹpútà tó gbilẹ̀ ni lẹ́tà ti ń rìn lójú sinimá. Nígbà tí Alfred Hitchcock gbé fíìmù North by Northwest jáde ní 1959, Saul Bass ni ó ṣe ọnà sí àwọn orúkọ tí ó ṣáájú ìtàn náà. Wọ́n ń yọ́ wọlé, wọ́n sì ń yọ́ jáde, lórí àwọn ìlà tí ó padà di ara ògiri onígíláàsì ilé gogoro kan. Nínú Psycho, ní 1960, ó la àwọn orúkọ sí wẹ́wẹ́, ó tún wọn tò, kí jìnnìjìnnì tó mú òǹwòran ṣáájú ìtàn. Bass fi hàn pé ìrìn lẹ́tà lè ṣe iṣẹ́ tí ohùn ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ ẹnu.

PowerPoint jáde ní 1987, After Effects sì tẹ̀ lé e ní 1993. Báyìí ni ọgbọ́n tí ó jẹ́ ti àwọn oníṣẹ́ fíìmù ṣe bọ́ sọ́wọ́ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ kí àwùjọ fọkàn bá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òun lọ.

Ní ti Yorùbá, ọ̀ràn náà gba ìṣọ́ra. Láti ìgbà ìpàdé àkọtọ́ tí ó wáyé ní Èkó ní 1875 títí di àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, àríyànjiyàn lórí àmì kò dáwọ́ dúró. Nínú Unicode, tí kọ̀ǹpútà fi ń ka lẹ́tà, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni á ní. Ṣùgbọ́n ọ́ kò ní tirẹ̀: ọ gba nọ́ńbà kan, àmì ohùn gba òmíràn. Ètò tí ó bá ń gbé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wọlé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ yóò ya ohùn kúrò lára lẹ́tà rẹ̀. Ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko yóò kọ́kọ́ hàn bí ọkọ ìyàwó. Bákan náà ni ọkọ̀ tí à ń wọ̀. Nítorí èyí, àwọn mìíràn a yọ àmì náà dànù pátápátá kí lẹ́tà lè rìn geere. Èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí àmì tí ó pẹ́ yóò dé. Èyí tí a yọ kò ní í dé mọ́.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí odidi ọ̀rọ̀, tàbí sílébù pẹ̀lú ohùn rẹ̀, máa rìn pọ̀. Nígbà náà, ìrìn lè bá ohùn mu: kí sílébù olóhùn òkè gòkè, kí ti ìsàlẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ohun tí Bass fi ìlà wá kiri ti wà nínú àkọtọ́ Yorùbá tẹ́lẹ̀.