Ìtàn Ẹ̀rọ Dísẹ́ẹ̀lì àti Iná Mànàmáná ní Ilẹ̀ Ayọ̀bọ̀

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ní àkókò yìí tí owó dísẹ́ẹ̀lì ti ga kọjá ohun tí àgbẹ̀ kékeré lè fi èrè oko rẹ̀ san, tí ọ̀rọ̀ sì ti ń lọ láàárín àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ pé a lè yọ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kúrò nínú katakátà kékeré kí a sì fi mọ́tọ̀ oníná àti bátìrì rọ́pò rẹ̀, ó yẹ kí a bojú wẹ̀yìn, kí a wádìí bóyá irú pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wáyé rí lórí ilẹ̀ wa. Ó ti wáyé. Àwọn onílé ẹ̀rọ tí ń bá wa lọ ata, tí ń bá wa rin ẹ̀gẹ́, ti ṣe é kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lónìí tó dáyé, ohun tí ojú wọn sì rí nínú rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí a kọ́ kí a tó fi ọwọ́ kan katakátà.

Ilẹ̀ Àwórì ni Ayọ̀bọ̀, ilẹ̀ àwọn ọmọ Ògúnfúnminíre, ọdẹ tí ìtàn àwọn baba wa sọ pé ó tẹ̀lé àwo lójú omi títí àwo fi rì ní Ìṣẹrí. Ìpẹ̀kun Ìpínlẹ̀ Èkó ni ó wà, níbi tí Èkó ti fi ẹ̀gbẹ́ kan Ìpínlẹ̀ Ògùn. Kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967, abẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni agbègbè náà wà, oko sì pọ̀ níbẹ̀ ju ilé lọ. Ọkọ́ àti àdá, irin ọwọ́ Ògún Lákáayé, ni agbára tí ó wà; apá ọkùnrin ni ó ń kọ ebè, apá obìnrin ni ó sì ń ha ẹ̀gẹ́ lórí páànù tí a fi ìṣó dá lu. Ọ̀nà rélùwéè, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là ní 1896 tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1901, gba Agége kọjá, ó sì sọ obì àti kòkó àdúgbò náà di ohun tí ń wọ Èkó láìpẹ́ ọjọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin kò bá ẹnikẹ́ni tú ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò bá ìyá kankan rin ẹ̀gẹ́.

Dísẹ́ẹ̀lì ni ó kọ́kọ́ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ apá ènìyàn, ẹ́ńjìnnì tí a sì fi mọ̀ ọ́n jù ni Lister, tí ilé iṣẹ́ kan ní ìlú Dursley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe. Irú èyí tí ń rọra yí, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní nǹkan bí 1930, ní agbára ẹṣin márùn-ún, kì í sì í yí ju 600 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí ó bá rí bí a ti ń ṣáná sí i kò ní gbàgbé. Onílé ẹ̀rọ a rọ epo sí i, a gbé irin kékeré tí ó di fáfù mú sókè kí afẹ́fẹ́ má baà ta ko ọwọ́ rẹ̀, a ki irin ìyíná bọ ojú rẹ̀, a wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, ní ìrọ̀rùn lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà pẹ̀lú gbogbo agbára, títí kẹ̀kẹ́ irin wúwo méjèèjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì náà yóò fi mú eré. Nígbà náà ni yóò jẹ́ kí irin kékeré náà já wálẹ̀, ẹ́ńjìnnì a sì dáhùn gbù, gbù, gbù, èéfín dúdú a gba ojú ọ̀pá jáde sẹ́yìn ògiri. Àgbá omi a máa dúró tì í láti tu ú lára, bẹ́líìtì gígùn a sì máa gbé agbára rẹ̀ lọ sára ọlọ, níbi tí àwọn ìyá ti tò, tàwọn ti abọ́ ata, tòmátò àti àlùbọ́sà lórí.

Iná mànàmáná ti wà ní Èkó tipẹ́ kí ó tó dé ẹ̀yìn odi. Ní 1896 ni ìjọba amúnisìn gbé ẹ̀rọ amúnáwá àkọ́kọ́ kalẹ̀ níbẹ̀. Ní 1923 ni ilé iṣẹ́ iná Ìjọ́rà bẹ̀rẹ̀. Òfin 1950 ni ó bí ECN, àjọ iná mànàmáná ti ìgbà náà, ilé iṣẹ́ iná Kainji sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1968, kí ó tó di pé NEPA, àjọ iná tí ó tẹ̀lé ECN, jókòó sórí gbogbo rẹ̀ ní 1972. Bí ilé ti ń lé oko sẹ́yìn, tí ìjọba Gómìnà Jakande ní Èkó sì kọ́ ilé sí Abẹ́sàn ní Ìpájà láàárín 1979 sí 1983, bẹ́ẹ̀ ni òpó iná ń sún mọ́ àwọn abúlé Àwórì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí iná bá ti wọ àdúgbò ni onílé ẹ̀rọ máa ń ṣe ohun tí mo fẹ́ kí a kíyè sí. Kò ju ọlọ rẹ̀ nù, nítorí kò sí ohun tí ó ṣe ọlọ. Ẹ́ńjìnnì nìkan ni ó yí padà: a tú bẹ́líìtì kúrò lára Lister, a de mọ́tọ̀ oníná mọ́ orí irin tí ó dúró gbọnyin, a tò ó kí púlì rẹ̀ àti ti ọlọ lè wà lórí ìlà kan, kí bẹ́líìtì má baà máa bọ́. Iṣẹ́ ọpọlọ sì wà nínú rẹ̀, nítorí mọ́tọ̀ náà a máa yí ní nǹkan bí 1,450 ní ìṣẹ́jú kan, níbi tí Lister ti ń yí 600. Bí ó bá gbé púlì tí ó tóbi tó ti àtijọ́ sí i lójú, eré ọlọ yóò lé kọjá ààlà, ata yóò gbóná, irin ọlọ yóò sì tètè jẹ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi púlì tí kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀ sí i. Kò sí ẹni tí ó pè wọ́n ní ẹnjiníà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹnjiníà ni wọ́n ṣe.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọlọ́gbọ́n inú wọn ṣe: wọn kò ta Lister. Igun ilé ni wọ́n tì í sí, wọ́n da epo sí i lára kí ó má dógùn-ún, wọ́n sì gbé bẹ́líìtì rẹ̀ kọ́ sára ògiri. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Nígbà tí iná NEPA bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láàárọ̀ tí kì í dé títí alẹ́, tí ẹ̀gẹ́ tí àwọn ìyá bó sílẹ̀ sì ń bàjẹ́, àwọn wọ̀nyí dá bẹ́líìtì padà sórí Lister, iṣẹ́ ń lọ. Àwọn tí wọ́n ti ta tiwọn jókòó, wọ́n ń wo òpó.

Katakátà ní tirẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá oko àgọ́ àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀ ní òpin àwọn ọdún 1950, ni ó mú katakátà ńláńlá wá fún iṣẹ́ àgbẹ̀ ìgbàlódé, pẹ̀lú ìpinnu rere. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí kùkùté pọ̀ nínú rẹ̀, tí a sì pín kéékèèké láàárín ọmọ ìyá àti ọmọ baba, kò gba irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí irin ìpààrọ̀ àti dísẹ́ẹ̀lì bá sì wọ́n, ibi tí ó bá kú sí ni koríko ti ń bò ó. Katakátà kékeré ni ó bá oko ẹ̀fọ́ àti oko ẹ̀gẹ́ tí ó ṣẹ́ kù ní ẹ̀gbẹ́ ààlà Èkó àti Ògùn mu.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Allis-Chalmers gbé katakátà oníná jáde fún ayé wò ní 1959. General Electric sì ta Elec-Trak, katakátà kékeré tí ń fi bátìrì ṣiṣẹ́, láti 1969 títí dé àárín àwọn ọdún 1970. Ní ilé wa níhìn-ín, Mustapha Gajibo ní Maiduguri ti yọ ẹ́ńjìnnì epo kúrò nínú àwọn bọ́ọ̀sì akérò, ó sì sọ wọ́n di oníná. Iṣẹ́ tí ó wà nínú ti katakátà kò yàtọ̀ nínú ìpìlẹ̀ sí ti ilé ẹ̀rọ: ẹ́ńjìnnì, táńkì epo, radiétọ̀ àti ọ̀pá èéfín ni yóò jáde, gíà àti ẹsẹ̀ yóò dúró, a ó gé irin pẹrẹsẹ kan tí yóò so mọ́tọ̀ mọ́ ojú ibi tí ẹ́ńjìnnì ti kúrò, kí ọ̀pá méjèèjì bá ara wọn mu láìyẹ̀ ní ìwọ̀n irun, páńpù tí ń gbé ohun èlò ẹ̀yìn sókè, tí ẹ́ńjìnnì ń yí tẹ́lẹ̀, yóò nílò ohun mìíràn tí yóò máa yí i. Ìwúwo bátìrì tí ń da ọkọ̀ kékeré láàmú a sì máa ṣe katakátà lóore, nítorí ìwúwo ni ó ń jẹ́ kí táyà rẹ̀ di ilẹ̀ mú nígbà tí ó bá ń fa irin ìtúlẹ̀.

Àwọn tí yóò ṣe é wà láàárín wa: mẹkáníìkì mọ gíà, rewáyà mọ iná, wẹ́dà mọ irin í jó, kí wọ́n jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù kan náà ni ó kù. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ilé ẹ̀rọ kọ́ wa ṣe pàtàkì ju mọ́tọ̀ lọ. Kì í ṣe mọ́tọ̀ ni ó já onílé ẹ̀rọ kulẹ̀, mọ́tọ̀ ń yí bí ó ti yẹ. Orísun agbára tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni ó dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Àǹfààní tí àwọn baba wa kò ní sì ti dé ọwọ́ wa báyìí, nítorí oòrùn tí ń ràn sórí oko lè fi agbára kún bátìrì ní ọ̀sán gangan nígbà tí àgbẹ̀ bá ń sinmi. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì katakátà rẹ̀ kọ́kọ́ ṣírò iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, kí ó ra páńẹ́lì sólà tí ó tó o, kí ó tó ra mọ́tọ̀.