Ta Ló Rọ Ọ̀bẹ Yìí?

Ọ̀bẹ tí mo rà fún bàbá àgbà mi ló gé wọn níka. Owó ara mi ni mo fi rà á. Nígbà ìsinmi ọdún tó kọjá, mo ń bá àwọn èèyàn sọ ẹrù kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní èbúté wa ní Agboyi, mo sì tọ́jú gbogbo ohun tí wọ́n fún mi. Nígbà tó pé, mo sọdá sí ìhà Kétu, mo ra ọ̀bẹ kíká kan, irú èyí tí ojú rẹ̀ máa ń wọ inú èkù. Ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ ló yẹ apẹja. Bí ẹsẹ̀ igi inú omi bá kọ́ àwọ̀n, ọwọ́ kan a di àjẹ̀ mú, ọwọ́ kejì a wá ọ̀bẹ nínú àpò. Ọ̀bẹ tí kò ṣeé ká máa ń yọ̀ kiri nínú ọkọ̀, ọmọ kékeré sì lè jókòó lé e.

Wọ́n kọ "Germany" sí ara ọ̀bẹ náà. Ẹni tó tà á fún mi fi èékánná kàn án, ó ní, "Ojúlówó ni, ọmọ mi, Jámánì ni." Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí bàbá àgbà fi í gé okùn tó lọ́ mọ́ra, ni ojú ọ̀bẹ bá pa dé lórí ìka wọn méjì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù kan tí wọn kò lè da àwọ̀n. Ẹja wọn ni a fi ń san owó ilé ìwé mi, nítorí náà ẹ̀yin náà mọ ohun tí oṣù yẹn jẹ́ nínú ilé wa.

Wọn kò bá mi wí. Wọ́n kàn gbé ọ̀bẹ náà sókè, wọ́n ní, "Ta ló rọ ọ́?"

Mo ní, "Jámánì ni, Bàbá."

Wọ́n ní, "Jámánì kì í ṣe orúkọ èèyàn."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá bí àwọn baba wa ṣe ń dáhùn ìbéèrè yẹn, àti ìgbà tí àwa kò lè dáhùn rẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ nǹkan kan, nítorí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń ṣì í pè. Odò tó ṣàn kọjá lọ́dọ̀ wa sínú ọ̀sà ni Ògùn. Òrìṣà irin ni Ògún. Ohùn ló ya wọ́n. Ògún onírin ni ọ̀rọ̀ mi kàn lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí odò Ògùn ni ọ̀bẹ ti gé bàbá àgbà.

Ní ààfin Ọọ̀ni ní Ilé-Ifẹ̀, irin ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Ògún Ládìn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Ládìn ni alágbẹ̀dẹ Odùduwà, àti pé ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀ ni irin náà. Ẹnikẹ́ni lè bá mi jiyàn pé bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tó wú mi lórí ni pé ìlú tó ní ọba ńlá kò jẹ́ kí orúkọ alágbẹ̀dẹ sọnù. Orúkọ ìdílé pàápàá ń jẹ́rìí sí i. Ẹni tó bá ń jẹ́ Ajíbówú, ẹ ti mọ̀ pé owú, irin ńlá tí alágbẹ̀dẹ fi ń ṣiṣẹ́, wà nílé wọn. Orúkọ ọmọ ni ó ń sọ iṣẹ́ baba fún oníbàárà.

Àwọn tó ń lo irin mímú nígbà náà kò lè fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ẹ ronú nípa olóòlà tó ń kọ ilà fún ọmọ ọjọ́ díẹ̀. Abẹ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú kí ó lè gé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ojú abẹ bá kán tàbí tó kú, ojú ọmọ ni yóò fi gbé e títí ayé. Onígbàjámọ̀ náà ń bẹ̀, tó ń fi abẹ fá orí àgbàlagbà. Ọdẹ ń bẹ, tí ọ̀bẹ rẹ̀ lè jẹ́ ohun ìkẹyìn láàárín òun àti ẹranko. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí yóò lọ bá alágbẹ̀dẹ tí kò mọ ìdílé rẹ̀.

Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí wọn kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde àfi ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, kọ nípa ọ̀rọ̀ irin yìí. Ó ní kí àwa àti òyìnbó tó máa bára wa ṣòwò, ilé la ti ń rọ gbogbo ohun onírin, láti orí ohun ìjà títí dé abẹ́rẹ́. Ó fi kún un pé ọjà òyìnbó tó wọ́n dín, tó sì dán ju tiwa lọ, ti ń lé tiwa kúrò lọ́jà, pàápàá jù lọ ọ̀bẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í tọ́jọ́ tó tiwa. Nígbà tí mo ka ibi yẹn, mo pe bàbá àgbà, mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Wọ́n wo ìka wọn, wọn kò sọ nǹkan kan.

Ìgbà yẹn kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí a ṣì ń yọ irin fúnra wa. Ní 1904, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Bellamy, tó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ ní Èkó, gbé ìròyìn jáde ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì nípa abúlé kan lẹ́bàá Ọ̀yọ́, Ola-Igbi, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta irin, tí wọ́n ń fi èédú yọ ọ́ nínú ìléru alámọ̀. Onímọ̀ irin kan, Harbord, yẹ irin wọn wò, ó sì kọ ohun tó rí mọ́ ìròyìn náà. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé abúlé odidi ló wà nídìí irin náà. Ẹni tó bá ra ọ̀bẹ ní ọjà Ọ̀yọ́ lè tọpa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rọ ọ́, kó tún tọpa irin rẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti wà á nínú ilẹ̀.

Ògún tún wà nídìí ẹ̀. Ẹni tó bá fi irin búra kò gbọdọ̀ purọ́, irin kan náà sì ni alágbẹ̀dẹ ń fọwọ́ kàn láàárọ̀ àti lálẹ́. Títí di òní, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ lè fi irin búra ní kóòtù orílẹ̀-èdè yìí bí àwọn yòókù ṣe ń fi Bíbélì àti Kùránì búra. Mùsùlùmí ni bàbá àgbà mi, wọn kì í bọ Ògún, àmọ́ mi ò tíì rí i kí wọ́n fi irin ṣe àwàdà.

Kí àwọn òyìnbó pàápàá má bàa dà bí ẹni pé wọn kò mọ ohun tí orúkọ rere jẹ́, mo ka tiwọn náà. Ní Sheffield, ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ àwọn aláṣe ọ̀bẹ ti wà lábẹ́ òfin láti 1624, iṣẹ́ wọn sì ni láti rí i pé oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀, kí ẹlòmíràn má jí i lò. Àmì ìràwọ̀ àti àgbélébùú ni ti ilé iṣẹ́ Joseph Rodgers. Nígbà tó yá, àwọn kan ní Jámánì ń tẹ orúkọ Sheffield sára ọ̀bẹ tiwọn. Ní 1887, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tó fòpin sí irú èké yìí, láti ìgbà náà sì ni ọjà Jámánì tó ń wọ ilẹ̀ wọn ti ń ru orúkọ ilẹ̀ tó ti wá. Ẹ wo bí ayé ṣe rí! Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń tú èké fó nígbà náà ni ẹni tó ta ọ̀bẹ fún mi fi ń pè é ní ojúlówó. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn ará Solingen ní Jámánì ṣiṣẹ́ gidi títí orúkọ ìlú wọn fi di ohun tí àwọn náà ń ṣọ́. Ní 1938, wọ́n ṣe òfin pé ọ̀bẹ tí wọn kò bá ṣe ní agbègbè Solingen kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ náà.

Solingen yìí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀bẹ kíká Okapi ní 1902, fún títà ní ilẹ̀ Áfíríkà. Láti 1988, South Africa ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n ya òṣùpá àti ìràwọ̀ sí èkù rẹ̀, bí àwọn ará Birmingham ṣe ya ọ̀nì sára àdá tiwọn. Ọgbọ́n ńlá ni, nítorí ẹni tí kò mọ̀wé kà mọ ọ̀nì. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè ya ọ̀nì kan lè ya méjì. Àmì kò lè sọ̀rọ̀, kò sì sí bí apẹja Agboyi yóò ṣe dé Birmingham lọ bi wọ́n pé ṣé ẹ̀yin lẹ rọ èyí. Òfin 1887 kò sọdá odò wa.

Bí ọkọ̀ ojú irin ṣe dé Ìbàdàn ní 1901, ọjà onírin ń gba ibẹ̀ wọ ilẹ̀ lọ. Iná ìléru kú. Àmọ́ iná àgbẹ̀dẹ kò kú, èyí sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í yà sọ́tọ̀. Alágbẹ̀dẹ kò yọ irin mọ́, ṣùgbọ́n ó ń rí irin tí òyìnbó lò tì. Nígbà tí mọ́tò pọ̀, sípíríǹgì abẹ́ mọ́tò di àdá, ó di ọkọ́, ó di ọ̀bẹ.

Irú alágbẹ̀dẹ bẹ́ẹ̀ ni bàbá àgbà mú mi lọ bá ní ọ̀nà Ìkòròdú nígbà tí ìka wọn jinná. Kí a tó lọ, wọ́n ní kí n wádìí rẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta bí mo ṣe ń wádìí ìtàn fún ilé ìwé. Alápatà kan ní ọ̀bẹ ọkùnrin náà wà lọ́wọ́ òun láti ìgbà tí òun ti wà ní àpọ́n. Ìyá kan tó ń yan ẹja ní ó mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ní ọ̀sẹ̀ kan, kí n ka oṣù kan. Ẹnì kẹta ní òwò rẹ̀ ti wọ́n jù. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn méjì tó kẹ́yìn yóò mú kí bàbá àgbà yí ọkàn padà. Wọ́n ní rárá, ẹni tí gbogbo èèyàn ń yìn, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ lo bi.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, mo na ọwọ́ sí àwọn ọ̀bẹ tuntun tó wà lórí pákó, tí wọ́n ń dán. Bàbá àgbà kò wò wọ́n. Lẹ́yìn tí wọ́n kí i kú iṣẹ́, wọ́n jókòó lórí àpótí, wọ́n sì ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká rí àwọn tí wọ́n gbé padà wá."

Alágbẹ̀dẹ náà wò wọ́n dáadáa, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó fa agbọ̀n kan jáde lábẹ́ ẹwìrì. Ọ̀bẹ àtijọ́ ló kún inú rẹ̀, àwọn tí wọ́n gbé wá kí ó pọ́n wọn tàbí kí ó pààrọ̀ èkù wọn. Àwọn kan ti tín-ín-rín bí ìka nítorí pípọ́n, síbẹ̀ ojú wọn kò kán. Bàbá àgbà mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi èékánná ta ojú wọn, wọ́n gbọ́ bó ṣe ń dún. Méjì péré ni wọ́n yà sápá kan, wọ́n bi í pé kí ló ṣe wọ́n. Ó ní ọ̀kan kì í ṣe iṣẹ́ òun. Ó ní èkejì, iṣẹ́ òun ni, òun jẹ́ kí iná pọ̀ jù lára rẹ̀, òun yóò rọ òmíràn fún oní-nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́.

Ibẹ̀ ni bàbá àgbà ti kó owó jáde.

Wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́: ọ̀bẹ kíká, kí ìrìn ẹ̀yìn rẹ̀ le, kí ó má lè pa dé àfi tí èèyàn bá fi àtàǹpàkò tì í. Ọkùnrin náà ní kí wọ́n na ọwọ́. Ó wọn àtẹ́lẹwọ́ wọn pẹ̀lú okùn, ó wo àpá tó wà lórí ìka méjèèjì, ó ní, "Ta ló ṣe èyí?" Mo wo ilẹ̀. Bàbá àgbà ní, "Ẹnì kan tí a kò mọ̀."

Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo kà. Nígbà tí a gbà á, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ orúkọ rẹ̀ sí i, kí n lè fi parí àròkọ mi. Ó ní irin náà ti tutù, àti pé ṣé mi ò tún ní mọ ọ̀nà ibẹ̀ mọ́ ni.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, a gbé ọ̀bẹ náà padà lọ kí ó fún ìṣó rẹ̀ mọ́ra díẹ̀. Àwọn èèyàn pọ̀ níwájú rẹ̀, kò sì tíì rí ojú wa. Mo na ọ̀bẹ náà sí i láti ẹ̀yìn. Ó gbà á, ó ṣí i, ó pa á dé, ó sì kígbe láìbojú wẹ̀yìn pé, "Bàbá Agboyi, ẹ máa ń fi omi ọ̀sà gbẹ sí i lára! Òróró, ẹ máa fi òróró pa á!"